Májèlé Tí Wọ́n Sọ Ní Orúkọ Mìíràn

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ní ayé òde òní, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lo oríṣiríṣi kẹ́míkà, tí oríṣiríṣi ẹ̀gbin sì ń ti ibẹ̀ jáde, orúkọ tí a bá kọ sí ara àgbá ni ó ń sọ fún awakọ̀ bí yóò ti gbé e. Òun ni ó ń sọ fún alágbàṣe èbúté bóyá kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ó bo imú. Òun náà ni ó ń sọ fún dókítà ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí ó bá fara gbá a. Bí orúkọ náà bá jẹ́ òtítọ́, ènìyàn lè bá ewu ṣiṣẹ́ kí ó má farapa. Bí ó bá jẹ́ irọ́, gbogbo wọn ni yóò ṣìnà, láti orí awakọ̀ títí dé orí dókítà.

Ìtàn tí mo fẹ́ fi la ọ̀rọ̀ yìí yé wa ṣẹlẹ̀ ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní oṣù kẹjọ ọdún 2006. Abidjan kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò mọ̀ pé láti ayé àwọn baba àti àwọn ìyá wa ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi owó ibẹ̀ kọ́lé sí ilé. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé pé májèlé ti bo ìlú náà, kì í ṣe ìròyìn ọ̀nà jíjìn ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ agbo ilé. Àwọn àgbà sì ti wí i: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣòwò epo káàkiri ayé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trafigura, ra irú epo kan láti ilẹ̀ Mẹ́síkò. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà á, nítorí pé imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá lè yọ imí-ọjọ́ náà kúrò, èrè ńlá ni. Ọ̀nà tí wọ́n yàn ni pé kí wọ́n fi sódà fọ epo náà, irú sódà líle tí àwọn tí ń se ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Orí omi òkun ni wọ́n sì ti ṣe é, nínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Probo Koala, ọkọ̀ àwọn ará Gíríìsì tí ó ń lo àsíá Pánámà. Nígbà tí a bá fi sódà fọ irú epo bẹ́ẹ̀, sódà a fa imí-ọjọ́ àti àwọn ohun búburú mìíràn mọ́ra, epo a léfòó, ẹ̀gbin a sì rì sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ta epo. Ẹ̀gbin kù sínú ọkọ̀. Ó tó ìwọ̀n kúbíìkì mítà 528, èyí tí ó ju ẹgbàá-márùn-dín-lọ́gbọ̀n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá bí a bá fi lítà kà á: lítà 528,000 ni.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún náà, ọkọ̀ yìí gúnlẹ̀ sí Amsterdam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Wọ́n sọ fún ilé-iṣẹ́ tí ń gba ẹ̀gbin ní èbúté pé omi ìfọ́kọ̀ ni àwọn gbé wá, irú èyí tí gbogbo ọkọ̀ agbépo máa ń ní. Ilé-iṣẹ́ náà pe owó tí kò tó yúrò 30 lórí kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fa omi náà jáde, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò kan, àwọn ará àdúgbò sì figbe ta. Wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé nǹkan náà ju omi ìfọ́kọ̀ lọ fíìfíì. Nígbà náà ni wọ́n sọ pé àwọn kò lè gbà á mọ́ bí kò ṣe ní nǹkan bí yúrò 900 lórí kúbíìkì mítà kan. Àwọn olówó ẹ̀gbin kọ̀. Wọ́n fa èyí tí ó ti jáde padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Ọkọ̀ náà kọjá sí Ẹstóníà, láti ibẹ̀ ó wá sí Èkó tiwa níhìn-ín. Wọ́n gbìyànjú láti já ẹ̀gbin náà sí Èkó, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí á ro èyí wò dáadáa, ẹ̀yin ará. Díẹ̀ ni ó kù kí ìtàn yìí jẹ́ ti Apápá tàbí ti Ajégúnlẹ̀. Ọkọ̀ náà tún ṣíkọ̀, ó sì wọ Abidjan ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ.

Ní Abidjan, wọ́n rí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Compagnie Tommy, tí kò tíì pẹ́ rárá tí ó gba ìwé àṣẹ. Ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ náà kọ, ìwé àfọwọ́kọ lásán ni. Ó ní òun yóò gba dọ́là 30 lórí kúbíìkì mítà kan bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀gbin ọkọ̀ lásán, àti dọ́là 35 bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀gbin kẹ́míkà, pé òun yóò sì dà á sí Akouédo, ibi tí a ti ṣètò sílẹ̀ fún irú kẹ́míkà gbogbo. Akouédo tí ó ń wí yìí, ààtàn ni. Ààtàn gbangba ni nígbà náà, níbi tí a ti ń da pàǹtírí gbogbo ìlú sí láti ọdún 1965, tí àwọn ènìyàn ń gbé yí i ká, tí àwọn òtòṣì sì ń ṣa irin àti ike nínú rẹ̀ láti fi jẹun.

Ẹ fi etí sí iye owó yìí. Ní Amsterdam, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín omi ẹ̀gbin lásán àti ẹ̀gbin kẹ́míkà ju yúrò 800 lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti fi ẹ̀rọ yẹ nǹkan náà wò. Ní Abidjan, dọ́là 5 péré ni ìyàtọ̀ orúkọ méjèèjì. Owó tí ó yẹ kí a ná láti sọ oró inú rẹ̀ di aláìlágbára ni a kò ná. Ara àwọn tálákà ni a ti gba owó náà.

Lóru ọjọ́ kọkàndínlógún mọ́jú ogúnjọ́, àwọn ọkọ̀ tańkà gbé ẹ̀gbin náà kúrò ní èbúté. Wọ́n da púpọ̀ sí Akouédo, wọ́n sì da ìyókù sí ibòmíràn káàkiri ìlú, ní Abobo, ní ìhà Vridi, lẹ́bàá ọ̀nà, nínú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn kan tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ti bo ìlú. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú ń ta, awọ ara ń yún, èémí ń há, wọ́n ń bì. Ilé ìwòsàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ṣáájú kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó ti lọ gba ìtọ́jú. Àwọn aláṣẹ ka ènìyàn 69 tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ka òkú tí kò dín ní 15. Ìbínú àwọn ará ìlú ru sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Charles Konan Banny fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, kí a tó tún pè é padà láti yan àwọn mínísítà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí á wá béèrè ohun tí dókítà kọ̀ọ̀kan ní Abidjan ń béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ náà: kí ni ó wà nínú omi yìí?

Ohun mẹ́rin pàtàkì ni àyẹ̀wò tí a ṣe ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì sí èyí tí a bù ní Amsterdam fi hàn. Èkíní ni sódà. Ẹni tí ó bá ti se ọṣẹ rí mọ̀ pé bí sódà bá kán sí ọwọ́, ó ń bó awọ. Bí ó bá kán sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Èkejì ni fínọ́ọ̀lù, kẹ́míkà tí ń jó ara, tí ó sì lè gba ojú awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí à ń pè ní mẹkáptàn. Ìwọ̀nyí ni ó ni òórùn burúkú náà. Òórùn tí à ń gbọ́ ní ilé ìdáná nígbà tí gáàsì bá ń jò, ti gáàsì gan-an kọ́. Mẹkáptàn kíún ni wọ́n fi sí i kí imú lè ta wá lólobó. Bí kíún bá lè gba ilé kan, ẹ ro ti lítà lọ́nà ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: imí-ọjọ́ tí ó wà nínú omi sódà náà, tí ó lè di gáàsì kan tí ń jẹ́ háídrójìn sọ́fáìdì. Níwọ̀n ìgbà tí sódà bá le nínú omi, gáàsì yìí a há sínú rẹ̀, kò ní jáde. Ṣùgbọ́n bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá pàdé ohun kíkan, agbára sódà a rọ̀, gáàsì a sì tú jáde. Kí ni ó sì kan ju ààtàn lọ, níbi tí èso àti oúnjẹ ti ń jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́? Ẹni tí ó bá mọ orúkọ omi náà kò jẹ́ dà á sí irú ibẹ̀.

Òórùn gáàsì yìí dàbí ti ẹyin òbu. Bí a bá pín atẹ́gùn sí ìdá mílíọ̀nù kan, bí ìdá kan péré nínú rẹ̀ bá jẹ́ gáàsì yìí, imú ènìyàn yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá di ìdá 100, ohun ìyanu kan a ṣẹlẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, imú kò ní gbọ́ ọ mọ́. Gáàsì náà kò lọ o. Agbára ìgbóòórùn ni ó ti pa. Ẹni tí ó ń wí pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òórùn náà ti lọ, ibẹ̀ gan-an ni ó ti wọ ẹnu ewu. Bí ó bá di ìdá 500 sókè, ènìyàn lè ṣubú láàárín ìṣẹ́jú bí i márùn-ún. Bí ó bá di ìdá 1,000, mímí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lè pa á. Ó tún wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rọ́ lọ, ó ń wọ kòtò, ó ń wọ ibi tí ọmọdé ń ṣeré sí àti ibi tí ènìyàn tẹ́ ẹní sùn. Ó sì ń gba iná bí pẹtiróòlù.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ìmọ̀ àtijọ́ ni. Kì í ṣe lẹ́yìn Abidjan ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2003, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tẹ ìwé ètò kan jáde, èyí tí ó kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bí a ó ti máa pín kẹ́míkà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ewu wọn, kí ohun tí a pè ní májèlé ní Jámánì má baà di omi lásán ní Gánà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ètò náà ń béèrè nípa kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan. Irú ewu wo ni ó ní: ṣé iná ni, ṣé ó ń jó ara ni, ṣé mímí rẹ̀ ni ń pa ni, ṣé ẹja inú odò ni ó ń pa? Báwo ni ewu náà ti tó: ṣé díẹ̀ ni yóò pani, tàbí ó di ìgbà tí ó bá pọ̀? Ta ni ó yẹ kí ó mọ̀, ọ̀nà wo ni a ó sì gbà sọ fún un? Àwòrán mẹ́sàn-án ni wọ́n yàn, tí wọ́n yà sínú igun mẹ́rin tí a fi pupa yí ká, kí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè kà á: agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì fún májèlé, ahọ́n iná fún ohun tí ń gbiná, ọwọ́ tí kẹ́míkà ń kán sí fún ohun tí ń jẹ ara, igi tí ó kú pẹ̀lú ẹja tí ó kú fún ohun tí ń ba odò àti igbó jẹ́, àti àwọn yòókù.

Bí a bá fi ètò yìí wo ẹ̀gbin inú Probo Koala, ìsọ̀rí rẹ̀ kò fara sin. Sódà nìkan yóò gba àwòrán ọwọ́ tí ń jó. Fínọ́ọ̀lù yóò gba agbárí òkú. Mẹkáptàn yóò gba ahọ́n iná. Háídrójìn sọ́fáìdì yóò gba agbárí òkú àti ahọ́n iná àti ẹja tí ó kú, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí ènìyàn bá mí i símú, ó lè pa á. Ẹ wá gbé àwòrán mẹ́rin wọ̀nyí sí ara tańkà kan, kí ẹ wò ó bóyá awakọ̀ kan wà ní Abidjan, bí ebi ti wù kí ó máa pa á tó, tí yóò tú u sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn lóru. Àwòrán tí a kò yà ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Ẹlòmíràn lè wí pé àìsí òfin ni ó fà á. Rárá o. Òfin wà. Àwọn àgbà láàárín yín yóò rántí ọdún 1988, nígbà tí a rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé tí wọ́n gbé láti Ítálì wá sí Koko, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Inú ọgbà ẹnìkan ni wọ́n kó o sí, tí wọ́n ń san owó ilẹ̀ tí kò tó nǹkan fún un lóṣooṣù. Ọ̀ràn Koko ni ó mú kí Nàìjíríà ṣe òfin ní ọdún náà pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tí ó bá kó ẹ̀gbin olóró wọlé. Ní ọdún 1988 kan náà ni Côte d'Ivoire ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀gbin olóró. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe Àdéhùn Basel, pé ẹni tí yóò bá kó ẹ̀gbin olóró lọ sí ilẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú, kí ó sọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún ṣe Àdéhùn Bamako, tí ó ní kí a má kó o wá rárá.

Òfin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, májèlé sì wọlé. Kí ló dé? Nítorí pé gbogbo òfin wọ̀nyí ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ̀gbin olóró. Bí a kò bá pè é bẹ́ẹ̀, òfin yóò jókòó, kò ní dìde. Omi ìfọ́kọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní nínú ìrìn-àjò rẹ̀, òfin mìíràn tí ó rọrùn ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi wọ ẹnubodè. Bí olè bá wọ aṣọ ọdẹ, ta ni yóò bi í léèrè lóru?

Àwọn adájọ́ pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ kan ní Amsterdam dá Trafigura lẹ́bi, ó sì ní kí ó san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò, nítorí pé ó kó ẹ̀gbin jáde lọ́nà tí kò bófin mu, àti nítorí pé ó fi irú ewu ẹ̀gbin náà pamọ́ nígbà tí ó gbé e dé Amsterdam. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ọwọ́ sí owó ìtanràn náà ní ọdún 2011. Ní Abidjan, wọ́n dá ọ̀gá Compagnie Tommy lẹ́wọ̀n ogún ọdún ní ọdún 2008. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejì ọdún 2007, Trafigura ti bá ìjọba Côte d'Ivoire ṣe àdéhùn, ó sì san owó sẹ́fà bílíọ̀nù 95, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2009, àwọn ènìyàn bí 30,000 gba àdéhùn ní ilé-ẹjọ́ London, a sì san mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn. Nínú ọ̀rọ̀ àpapọ̀ tí àwọn méjèèjì fi síta, wọ́n ní àwọn onímọ̀ kò rí ohun tí ó so ẹ̀gbin náà mọ́ ikú, pé bóyá àìsàn bí ọ̀fìnkìn, tí kì í pẹ́, ni ó lè fà. Ní ọdún náà gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Okechukwu Ibeanu, ọmọ Nàìjíríà tí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé yàn láti yẹ ọ̀ràn náà wò, kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀rí tí ó lágbára hàn ní ojú lásán pé ikú àti àìsàn tí a ròyìn ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gbin tí a dà.

Ẹ kò rí i bí? Ọ̀rọ̀ méjì, lórí omi kan náà, ní ọdún kan náà. Mi ò jókòó níhìn-ín láti ṣe adájọ́ láàárín àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: bí ẹ̀gbin náà bá ti bá ìwé òtítọ́ wọlé, ìwé tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí ó ti pọ̀ tó, àríyànjiyàn náà kì bá tí gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi orúkọ májèlé pamọ́ kò ṣe ibi kan ṣoṣo, méjì ni ó ṣe. Ó fi májèlé fún ẹnìkejì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ní Akouédo mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó mọ òórùn tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá bi í ní ilé-ẹjọ́ pé kí ni ó ṣe ọmọ rẹ̀, kò ní orúkọ tí yóò dá.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú láti ẹnu adájọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dájọ́ pé orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kùnà láti dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀, ìlera wọn, àyíká tí wọ́n ń gbé, àti ẹ̀tọ́ wọn láti mọ òtítọ́. Ó ní kí ìjọba dá àpò owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó fara gbá a, kí ó sì tọ́jú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ẹ̀tọ́ tí ó kẹ́yìn yẹn. Ilé-ẹjọ́ kà á mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn pé kí ó mọ ohun tí a dà sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Bí a ti ń jẹ ní oúnjẹ, tí a ń mu ní omi, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a mọ orúkọ ewu tí ó yí wa ká.

Kí ni kí àwa ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, kí á má gba orúkọ ẹ̀gbin lọ́wọ́ olówó ẹ̀gbin. Ẹni tí yóò san yúrò 900 bí ó bá sọ òtítọ́, tí yóò sì san dọ́là 35 bí ó bá purọ́, a kì í fi irú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tiwa ni ó yẹ kí ó bù nínú rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé àyẹ̀wò tiwa, kí a tó ṣí ẹ̀rọ kan. Ilé àyẹ̀wò tí ó dára ní èbúté sàn ju òfin mẹ́wàá nínú ìwé lọ. Èkejì, kí èbúté máa sọ fún èbúté. Ohun tí Amsterdam mọ̀ ní oṣù keje, bí a bá ti sọ ọ́ fún Èkó àti Abidjan, ọkọ̀ náà kì bá tí rí ibì kan sọ̀. Ẹ̀kẹta, kí á má fi ìwé àṣẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba kẹ́míkà bí kò bá ní irinṣẹ́, tí kò ní òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́, tí ohun kan ṣoṣo tí ó ní jẹ́ ọ̀nà ààtàn.

Ẹ̀yin ará, kí a tó dá ẹ̀bi fún ọlọ́kọ̀ òkun nìkan, ẹ jẹ́ kí á wo inú ilé tiwa. Mélòó nínú wa ni ó ti bu ásíìdì bátìrì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò? Mélòó ni ó ti da kẹrosín sínú ìgò omi, tí ó gbé e sí abẹ́ tábìlì níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó? Mélòó ni ó ń ra oògùn kòkòrò lọ́jà nínú ìgò tí kò ní ìwé kankan lára, tí ẹni tí ń tà á fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é? Orúkọ èké ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò ṣe àṣìṣe bí ó bá mu ún. Ohun tí ìgò sọ fún un ni ó gbọ́. Kékeré ni tiwa, ńlá ni ti Probo Koala, ṣùgbọ́n bàbá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra kẹ́míkà, ẹ wá àwòrán inú igun mẹ́rin pupa náà. Bí ẹ bá rí agbárí òkú, ẹ má fi ṣeré. Ohunkóhun tí ó bá ní orúkọ tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ nínú ohun tí ó bá wá. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tańkà tí ń tú nǹkan sílẹ̀ lóru ní àdúgbò yín, ẹ ké sí àwọn aláṣẹ kíákíá. Bí òórùn ẹyin òbu bá sì gba àdúgbò kan lójijì, tí kò sì pẹ́ tí ẹ kò gbọ́ ọ mọ́, ẹ má dúró wí pé ó ti lọ. Ẹ kó àwọn ọmọ yín, ẹ kúrò ní ibi tí ó rẹlẹ̀, ẹ gba ibi tí ó ga lọ, níbi tí atẹ́gùn tútù wà.

A ti kó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀gbin Abidjan kúrò. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n sì fi iná sun ún níbi tí ó yẹ kí a ti sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó ti pani lára tán ni a tó fún un ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ni à ń dúró dè di ọjọ́ kẹjọ kí a tó sọ ní orúkọ. Májèlé kò ní ọjọ́ kẹjọ. Kí ó tó wọ ìlú ni kí á ti mọ orúkọ rẹ̀.